Mo Ní Mi Ò Ní Ohun Tí Mò Ń Fi Pamọ́

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú òyìnbó yìí, kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi láti ilé, mo sì ti ra ìbọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo lè gbé àdúgbò Yarnton Way fún oṣù mẹ́ta kí n má mọ orúkọ ẹni tí ògiri tèmi kan tirẹ̀. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo mọ ìgbà tó ń wẹ̀. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo máa kí i, á wo bàtà mi, á ní "all right", á sì kọjá lọ. Mo bi Bọ́lá ọmọ mi pé ṣé mo ṣẹ ọkùnrin náà ni. Bọ́lá rẹ́rìn-ín.

"Màámi, privacy ni. Ẹ jẹ́ kó ní privacy rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbí nìyẹn, ó ṣáájú "thank you". Mo ní kó túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ó ronú títí, ó ní àṣírí ni. Mo ní àṣírí wo ló wà lára ẹni tó ń wẹ̀? Ó ní kí n máa wò ó, ó máa yé mi.

Bọ́lá, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni mo wá bá gbé ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwé, ilé dákẹ́, mo sì wá iṣẹ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi le, mo sì ní sùúrù. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ìyá òyìnbó kan ní Plumstead ni mò ń lọ wẹ̀ láràárọ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ká máa kan ilẹ̀kùn ká tó wọlé, bí ìyá náà ò tiẹ̀ gbọ́ràn. Tí a bá ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ká fi táwẹ̀lì bo àyà rẹ̀. Ká má sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ rẹ̀, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní ká sọ. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀, inú mi dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Mo ní, ó dáa, ìlú yìí náà mọ bí wọ́n ṣe ń bo ènìyàn.

Nílé wa ní Ìkirè, kò sí ilẹ̀kùn tó ṣe gúnmọ́. Kọ́tìnnì ni. Ẹni mẹ́rìnlélógún la wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kò sì sí ohun tí ẹnì kan ń sọ tí ẹnì kejì ò gbọ́. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́, a ò sì ní gbọ́. Tí ọkọ àti ìyàwó bá ń jà nínú yàrá, àwọn tó wà lóde á mú ìgbálẹ̀, wọn á máa gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, kí ariwo ìgbálẹ̀ lè bo ti ìjà. Etí wa ni ilẹ̀kùn wa. Níbí, ilẹ̀kùn pọ̀, mi ò sì rí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Fólúkẹ́ àbúrò mi ló ń mú kí n lè fara dà á. Ọmọ ìyá mi ni, aránṣọ ni, ó ṣì wà ní Ìkirè. Òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kọ, nítorí náà kì í ṣe lẹ́tà la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Á ká ohùn rẹ̀ sínú fóònù, á fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á ká tèmi ránṣẹ́ sí i. Mo máa ń gbé e sétí nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń bá lọ sí Plumstead. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á dákẹ́ tó bá fẹ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì, á tún máa lọ. Àwọn tó jókòó tì mí á rò pé mò ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ló ń pa mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà dákẹ́, kò sì padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kókó kan wà ní ọmú mi òsì. Ó ti lé ní oṣù méjì. Kò dùn mí. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún o. Ẹ bá mi fi pamọ́."

Ohun tó jẹ́ kó fẹ́ fi pamọ́ kì í ṣe ìtìjú. Ṣadé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ọkọ, ìdílé ọkọ sì ń ṣe ìwádìí bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò bóyá wèrè wà nínú ìdílé wa, bóyá ẹ̀tẹ̀, bóyá àrùn tí ìyá ń gbé fún ọmọ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá Ṣadé ní kókó lọ́mú, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn máa dẹ́kun wíwá ni.

Mo ní kó lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn. Ó ní títí ìgbéyàwó bá parí. Mo ní òkú kì í ṣe ìyá ìyàwó. Ó bínú, ó fi ọjọ́ mẹ́rin yan mí lódì. Mo tún padà sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rọ̀ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, tí mo fi ọwọ́ bo ẹnu, tí mò ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní ìkẹyìn ó gbà. Ó mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó ń bọ̀. Ó máa sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń lọ ra òwú n'Íbàdàn.

Ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tó gbà, inú mi dùn, mo jáde lọ sí Powis Street lọ ra ẹja. Ọmọbìnrin kan dúró síwájú mi, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó di tábúlẹ́ẹ̀tì mú, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù.

"Mummy, o gbọ́ Yorùbá?"

Mo wò ó. "Ṣé ojú mi jọ ti ará Ṣáínà ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sorry ma. Wọ́n ní ká máa béèrè first. Ṣé o ní five minutes?"

"Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí, tí o fi ń sọ 'o' sí mi?"

"Ẹ! Ṣé ẹ ní five minutes? Ẹ má bínú, Mummy, kitchen Yorùbá ni tèmi."

"Kíṣíìnì ta ni?"

"Ti grandma mi, ní Peckham."

"Padà síbẹ̀. Oúnjẹ rẹ ò tíì jinná."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Dami lorúkọ rẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ kan ló gba òun pé kí òun máa béèrè èrò àwọn ìyá wa, torí àwọn ìyá wa kì í dáhùn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí èèyàn mẹ́wàá kí òun tó lọlé, mẹ́ta péré lòun sì ti rí. Mo ní kó béèrè.

"Ṣé ọkàn yín máa ń wà lókè nítorí àwọn ọmọdé lórí internet?"

"Hẹn."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ pé àwọn ọkùnrin burúkú ń fi message tan àwọn ọmọ kéékèèké?"

"Hẹn. Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́."

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ló mọ ohun tí hẹn jẹ́. Tí ẹnì kan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o ò sọ hẹn, á rò pé o ti sùn. Ṣùgbọ́n gbogbo hẹn tí mo bá sọ ni ọmọ yìí ń fi ìka tẹ nǹkan.

"Ṣé ó dáa kí àwọn ọkùnrin burúkú yẹn rí ibi sá sí?"

"Kò dáa rárá."

"So, ṣé kí ìjọba fi dandan lé e pé kí àwọn companies tó ni app fún ìjọba ní kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n lè máa ka message àwọn ọ̀daràn?"

Ibẹ̀ ni mo ti dúró díẹ̀. "Ti ọ̀daràn nìkan? Báwo ni kọ́kọ́rọ́ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀daràn ló ni ilẹ̀kùn?"

Ó wo òkè tábúlẹ́ẹ̀tì, ó wo ìsàlẹ̀. "Mummy, kò sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí. Agree, disagree, don't know ló wà."

"Èwo ló sún mọ́ ohun tí mo sọ?"

"Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ hẹn tẹ́lẹ̀."

"Mo sọ hẹn kí o lè mọ̀ pé mò ń gbọ́ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mummy. Òtútù ń pa mí."

Mo ní kó tẹ èyí tó bá fẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Mi ò lè sọ pé wọ́n fi ìbọn sí mi lórí. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹkún ọmọdé bo ojú mi kí wọ́n tó bi mí léèrè kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló sọ pé kó tẹ èyí tó bá wù ú.

Ó wá ku ọ̀kan. Ó gbóhùn sókè, torí bọ́ọ̀sì kan ń pariwo nítòsí.

"Mummy, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ ń fi pamọ́?"

Láàárín títì! Àwọn èèyàn ń kọjá! Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí wọ́n bá bi ìyá àgbà ní irú èyí, bí ẹni bi í pé ewúrẹ́ ta ló wà nínú ìkòkò rẹ̀ ni.

"Èmi? Olúwa má jẹ̀ẹ́! Mi ò ní ohun tí mò ń fi pamọ́. Olè ló ń fi nǹkan pamọ́."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ṣé òun lè ya fọ́tò mi sí i? Mo tún ìborí mi ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ síwèé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun Fólúkẹ́, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Thamesmead, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa sáré wá bá mi, ó gbé fóònù sókè bí ife ẹ̀yẹ. "Mummy wa! Ẹ ti di celebrity!" Ojú mi ni mo rí níbẹ̀, ó tóbi, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bọ́lá kà á, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé mo ní mi ò ní ohun tí mò ń fi pamọ́, àti pé púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ládùúgbò yìí fara mọ́ ọn pé kí ìjọba lè máa ṣí ọ̀rọ̀ orí fóònù wò. Ẹgbẹ́ tó sanwó fún ìwádìí náà, àwọn gan-an ló ti ń jà láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n ṣí i.

"Ṣí kí ni?" mo ní.

Bọ́lá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní tí mo bá ká ohùn ránṣẹ́ sí Fólúkẹ́, fóònù máa ń tì í pa. Fóònù mi àti fóònù Fólúkẹ́ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, àwọn tó ni app náà gan-an ò lè gbọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ kẹta ni àwọn wọ̀nyí ń fẹ́.

"Sí ohùn Fólúkẹ́ náà?"

"Sí ti gbogbo èèyàn, Màámi."

"Mo béèrè. Ó ní kò sí ibi tí òun lè kọ ọ́ sí."

"Wọn ò tíì ṣe é o. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi wá yín nìyẹn."

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbé mi ga ni, ẹ má bá wọn wí. Wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ síbí, wọ́n fi ránṣẹ́ sọ́hùn-ún. Kó tó di alẹ́, ó ti dé Ìkirè. Nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi. Kò sí ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ṣadé fi fọ́tò yín hàn mí. Inú ẹ̀ dùn, ó túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ẹ ní ẹ ò ní ohun tí ẹ ń fi pamọ́." Mo fẹ́ gbé e kúrò létí. Mo rò pé ó ti parí. "Èmi tí mo ní kí ẹ bá mi fi pamọ́ ńkọ́? Ibo lẹ gbé mi sí? Wọ́n ní ẹ ní kí ìjọba máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́."

Mi ò bọ́ sílẹ̀ ní Plumstead lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Olè ń fi nǹkan pamọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ń fi irúgbìn pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá ń fi aṣọ tó dáa jù pamọ́ fún ọmọ. Tí a bá sì ń gbàdúrà, a ò ní kí Ọlọ́run fi wá hàn, a ní kó pa wá mọ́. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ láti kékeré. Ní Powis Street, ti olè nìkan ni mo rántí, torí bí olè ni wọ́n ṣe bi mí.

Mo ká ohùn ránṣẹ́ sí Fólúkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ní fóònù ṣì wà ní títì. Mo ní kó lọ. Mo ní kó ṣáà lọ, kó má tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rí i pé ó gbọ́ wọn. Kò fèsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá, ó lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dé Ìbàdàn.

Sátidé, mo padà sí Powis Street. Dami wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ń lé ọkùnrin kan tó ní ajá.

"Mummy mi!" ó ní, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ti ń kọ́ ọ.

"Dami, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi padà."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Gbogbo ẹ̀. Àti hẹn, àti fọ́tò."

Ó fẹjú. "Mummy, kì í ṣe èmi ló kọ ìbéèrè yẹn o. Ohun tó bá wà lójú screen ni mo máa ń kà. Lónìí, oúnjẹ ajá ni."

"Ajá ńkọ́, ṣé wọ́n fún un ní ibi tó lè kọ tirẹ̀ sí?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rín in mọ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣí i kí n lè gbọ́. Òyìnbó náà fara balẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ń ta pósí. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ní wọ́n á yọ fọ́tò mi kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n sì yọ ọ́, mo gbà fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà nìyẹn, lẹ́yìn tí gbogbo Ìkirè ti rí i tán. Ó wá sọ nǹkan mìíràn, ó sọ ọ́ pẹ́. Dami ń wo ilẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìdáhùn yín, àwọn ò lè yọ ọ́. Wọn ò kọ orúkọ sí i. Ó ti dà pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni tiyín."

"Kò sẹ́ni tó lè ṣí i?"

"Kò sí."

"Ìjọba pàápàá?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni, Mummy. Ó ní nítorí privacy yín ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó wọ ìbọ̀wọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò nílùú yìí. Mo ti wẹ ìyá wọn, mo ti pa ojú òkú wọn méjì dé, mo mọ bọ́ọ̀sì wọn ju àwọn ọmọ wọn lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lo rò. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n máa bi mí, wọ́n ti mú ìdáhùn dání wá láti ilé wọn. Ojú mi ni wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bọ́lá ní kí n má gbé e sọ́kàn, pé ẹ̀yọ ènìyàn kan ni mí láàárín ọ̀pọ̀. Mo ní ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mélòó nínú wa ló sọ hẹn torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé? Wọ́n kó gbogbo ìwà ọmọlúàbí wa jọ, wọ́n kà á, wọ́n ní a gbà.

Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá kí Fólúkẹ́ tó pè. Kì í ṣe ohùn tó ká sílẹ̀. Ìpè ni, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣe lójú gbogbo ayé. Mo wà nínú kíṣíìnì, mo fi ọwọ́ tó lómi gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Fólúkẹ́! Fólúkẹ́ mi. Ara ńkọ́?"

"Ara le. A dúpẹ́."

"Ṣé o dé ibẹ̀ yẹn?"

"Ibo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ibi tí o fẹ́ lọ ra òwú."

"Òwú wà nílé. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ò pọ̀ jù?"

Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mi ò mọ̀. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo fẹ́ sọ pé Fólúkẹ́, kókó yẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín àwọn àlejò, wọ́n ń pè é ní ìyá ìyàwó. Mo ní òtútù ò pọ̀. Ó ní iṣẹ́ ńkọ́? Mo ní iṣẹ́ ń lọ. Ó ní kí n bá òun kí Bọ́lá. Mo ní ó máa gbọ́. A kí ara wa tán bí àlejò méjì ṣe ń kíra, ó sì pa fóònù.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ wa lọ́jọ́ náà, kò gbọ́ nǹkan kan.